Kí O Tó Tẹ Bẹ́ẹ̀ Ni

Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá,
ní ilé ìwòsàn alájà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Alẹ́kúwodò,
mo jókòó sínú yàrá tí kò tóbi ju ilé ìdáná lọ,
èmi, ẹ̀fọn, àti sáfà tó ń mí bí àgbàlagbà tó sùn fọnfọn.

Àwọn ohun èlò tuntun ti wọlé tán,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bọ́ sí àyè rẹ̀,
àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹ̀rọ kò tíì mọ̀.
Èyí tí wọ́n ti há sórí láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ṣì ń kà.
A ti yí àgádágodo padà;
ẹni tó wà nínú ilé ṣì di kọ́kọ́rọ́ àná mú.

Ojú kọ̀ǹpútà wá bi mí léèrè:
àwọn wọ̀nyí ṣì ń lo ti àtijọ́,
ṣé kí n pa wọ́n, kí n sì tún jí wọn?
Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìbéèrè kúkúrú a máa ní ìrù gígùn.
Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá mi Oyèkànmí tẹ Bẹ́ẹ̀ ni,
ó jáde lọ ra búrẹ́dì.
Kó tó dé, èsì àyẹ̀wò mẹ́tàdínlógún ti pòórá,
wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ bàbá kan láti Òkè-Báálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní òwúrọ̀ kan.
Bàbá náà ní, "Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"
A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní àlejò nílé.
Olùtọ́jú aago: kú, jí.
Agbélẹ́tà: kú, jí.
Ilẹ̀kùn tí ọ̀gá ń gbà wọlé láti ilé rẹ̀ ní Ìlobùú:
kú, jí, ó sì tún ké díẹ̀ kó tó dákẹ́.

Ó wá ku akọ̀wé àgbà,
ẹni tí orúkọ gbogbo aláìsàn wà lẹ́nu rẹ̀.
Mo pe òkè. Nọ́ọ̀sì Ìyádùnní ló gbé e:
"Irú ẹ̀jẹ̀ ìyá kan tó ń rọbí ni mò ń kọ sílẹ̀ lọ́wọ́.
Má fọwọ́ kàn án o."

Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í dúró de ènìyàn.
Irọ́ ni. Mo mú un dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì.
Mo jẹ ẹ̀pà,
mo gbọ́ ajá tó ń gbó lápá ibùdó rélùwéè,
mo tún da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì,
torí ẹni tó fẹ́ pa àtùpà lóru
ló yẹ kó di ìṣáná mú.

Fóònù dún. "Ó yá."
Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.

Akọ̀wé pa ojú dé. Kò là á.
Mo ka mẹ́wàá. Mo ka ogún.
Òógùn kán sórí kíbọọ̀dù.
Mo wá ka ohun tó sọ gbẹ̀yìn kó tó dákẹ́:
ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ìlànà rẹ̀,
ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀dà tuntun yìí kò gbọ́ mọ́,
bí ìgbà tí bàbá àgbà bá fi èdè oko pe ọmọ ìgboro.
Mo pa ìlà náà rẹ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ó dìde.

Mo bi Ìyádùnní bóyá orúkọ ìyá náà ṣì wà.
"Orúkọ wo? Ṣé ó lọ síbì kan ni?"
N kò dá a lóhùn.

Ilẹ̀ ń mọ́ lórí páànù tó dípẹtà lápá Olúọdẹ
nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún Táòfíìkì, agbaṣẹ́ àárọ̀:
gbogbo wọn ti jí,
gbogbo wọn, àfi...
Mo sọ bíírò sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé! Mo gbàgbé rẹ̀ pátápátá.
Mo jí i. Ó wúkọ́, ó pọ bébà kan jáde,
rìsíìtì ọkùnrin kan tó ti lọ sílé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ó ṣì gbóná lọ́wọ́ mi.